Sọ Ọ́ Bí Mo Ṣe Sọ Ọ́

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Asante, bí onílù ọba bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ lórí ìlù, odidi àgùntàn kan ni yóò fi san ìtanràn. Bí ó bá wá di pé ó ń ṣì í lemọ́lemọ́, wọ́n lè gé etí rẹ̀ kan. R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbé láàárín àwọn Asante tó sì kọ púpọ̀ sílẹ̀ nípa wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ashanti, èyí tó jáde ní ọdún 1923. Ibi tó ti ń sọ nípa ìtàn àwọn ọba Mampong ló ti mẹ́nu kàn án. Mampong wà ní àríwá Kumasi, ọba ibẹ̀ ló sì tẹ̀ lé Asantehene ní ipò. Orí ìlù ni wọ́n ti ń sọ ìtàn àwọn ọba náà, láti orí ẹni àkọ́kọ́ bọ̀ sórí àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tí onílù sọ ni Rattray sì kọ sínú ìwé.

Ẹ gbọ́ o, etí! Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn òyìnbó ní orúkọ kan tí wọ́n yá láti inú èdè Látìnì fún irú ìpéye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ onílù yìí. Verbatim ni wọ́n ń pè é. Verbum ni ọ̀rọ̀ lédè Látìnì, verbatim sì ni kéèyàn tún nǹkan sọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Àwọn agbẹjọ́rò, àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn olùkọ́ ló ń lò ó jù. Àwa Yorùbá ò ní láti yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́" là ń wí, tàbí "n ò fi kan kún un, n ò sì yọ kan kúrò níbẹ̀". Ìyá tó ń rán ọmọ rẹ̀ sí ilé ìyá ọkọ mọ ohun tó ń sọ dáadáa nígbà tó bá na ìka sí ọmọ náà pé, "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o!"

Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló tún sọ pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èwo wá ni ká tẹ̀ lé? Ìlú Kumasi ni mo rí i pé ó dára jù láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé lábẹ́ ọba kan náà níbẹ̀, ẹnì kan wà tí kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé títún ọ̀rọ̀ ṣe ni iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ fi í síbẹ̀.

Ìlù tí kò gbọdọ̀ ṣì wí

Atumpan ni orúkọ ìlù tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Méjì ni, wọ́n máa ń gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, onílù kan ṣoṣo ló sì ń fi ọ̀pá méjì lu méjèèjì. Èyí tó ń dún nísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní akọ, èyí tó ń dún lókè sì ni abo. Èdè Twi tí àwọn Asante ń sọ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, àfi pé méjì ni tiwọn, tiwa sì jẹ́ mẹ́ta. Ohùn yìí nìkan ni ìlù lè mú. Kò lè pe b, kò lè pe k, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín a àti o.

Ẹni tó bá ti tẹ́tí sí dùndún rí yóò mọ ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní onídùndún lu ohùn àárín lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ohùn òkè tẹ̀ lé e. Ṣé owó ló sọ ni, àbí ilé? Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọmú. Bákan náà ni gbogbo wọn ń dún lórí ìlù. Ohun tó ń jẹ́ ká mọ èyí tó ń wí ni pé kì í dá ọ̀rọ̀ náà sọ lásán. Inú gbólóhùn gígùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ láti kékeré ló máa ń gbé e sí, òwe tàbí oríkì, tó fi jẹ́ pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, etí wa ti ń bá a parí rẹ̀. Onílù tó bá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ hun gbólóhùn tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, ariwo lásán ló ń pa, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dán tó.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ orí atumpan fi ní láti dúró bákan náà láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Ìbẹ̀rù àwọn baba ńlá tí wọ́n ń dárúkọ lórí ìlù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, ọ̀rọ̀ ìlù tó bá yí padà ti sọnù nìyẹn. J. H. Kwabena Nketia, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ orin tí wọ́n bí ní Mampong ní ọdún 1921, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìlù àwọn Akan, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1963. Ọmọ ìlú tí wọ́n ti ń fi ìlù ka ìtàn ọba ló padà wá di ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ má wá rò pé gbogbo ohun tí àwọn àgbà bá sọ pé "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe gbọ́ ọ" ló rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kúrò ní Kumasi tí a gba apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Gánà lọ, a ó dé ọ̀dọ̀ àwọn LoDagaa, àwọn tó ní ẹgbẹ́ awo kan tí wọ́n ń pè ní Bagre. Wọ́n ní ìtàn gígùn kan tí wọ́n máa ń kà fún àwọn tó ń wọ ẹgbẹ́ náà. Jack Goody, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní abúlé Birifu ní ọdún 1951, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1972. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti di ohun tó ṣeé gbé káàkiri, òun àti ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kum Gandah padà lọ gba ohùn àwọn mìíràn tó ń ka ìtàn náà sílẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ohun tó jẹ́ kókó lẹ́nu ẹnì kan kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn rárá. Síbẹ̀, lójú àwọn tó ń kà á, ọ̀kan náà ni Bagre.

Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Bí ẹni méjì bá ń ka ìtàn fún wákàtí gbọọrọ, tí kò sí ìwé, tí kò sí téèpù, ta ni yóò mọ̀ pé ó yàtọ̀? Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: orí èèyàn nìkan kò lè di ọ̀rọ̀ mú gẹ́lẹ́, àfi kí ẹni tó lè mú un wà níjòókòó. Onílù Mampong ní àwọn àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n ń gbọ́ ọ, àgùntàn sì ń dúró dè é. Babaláwo tó ń kọ́ Ifá ní odù 256 níwájú rẹ̀, kò sì dá nìkan kà á. Wande Abimbọla ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀ pé láàárín àwọn awo, èèwọ̀ ni kéèyàn fi kún ẹsẹ Ifá tàbí kó yọ níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ni yóò sì dá a dúró. Ọmọ ilé kéwú ní Zongo, àdúgbò tí àwọn Mùsùlùmí àlejò tẹ̀ dó sí ní Kumasi, tí àwọn Yorùbá náà wà lára wọn, mọ̀ pé bí òun bá fa ohùn kan jù nínú súrà tí òun ń ké, kíá ni alùfáà yóò dá òun padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àyà náà. Súrà 114 ló wà nínú Àlùkùránì. Ọmọ tó há gbogbo rẹ̀ sórí ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ń tọ́ ọ sọ́nà ní gbogbo ìgbà.

Ẹni tó ń fi tọmọ jẹ́ ẹ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ààfin. Ẹni tó bá dé Manhyia, ààfin Asantehene ní Kumasi, ní ọjọ́ tí ọba jókòó gba àlejò, yóò rí àwọn ọkùnrin tó mú ọ̀pá gígùn dání, tí wọ́n gbẹ́ ère sí orí rẹ̀, tí wọ́n sì fi wúrà bò ó. Okyeame ni wọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n ní linguist, orúkọ tí kò bá iṣẹ́ wọn mu rárá, nítorí kì í ṣe gbígbọ́ èdè púpọ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Agbẹnusọ ọba ni wọ́n. Ère orí ọ̀pá wọn gan-an ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ọkùnrin méjì tó jókòó ti oúnjẹ: ẹni tó ni oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ náà sì ni oyè rí. Òmíràn jẹ́ ọwọ́ tó di ẹyin mú: agbára dà bí ẹyin, bó o bá fún un jù á fọ́, bó o bá sì dẹwọ́ jù á já bọ́.

Àlejò kì í bá ọba sọ̀rọ̀ tààrà. Okyeame ló ń bá sọ̀rọ̀, okyeame ni yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba jókòó síbẹ̀ tí etí rẹ̀ sì mélòó. Bí ọba bá fẹ́ dáhùn, ó lè rọra sọ gbólóhùn méjì péré. Okyeame yóò wá gbé e sókè, yóò fi òwe tì í lẹ́yìn, yóò yọ ẹ̀gún inú rẹ̀, títí yóò fi di ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹnu ọba. Kwesi Yankah, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Gánà, kọ odidi ìwé kan lórí iṣẹ́ yìí, Speaking for the Chief, tó jáde ní 1995. Ó fi hàn pé okyeame lè tún ọ̀rọ̀ sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ó sì lè tún un tò kó sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí láti mọ èyí tó yẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì burú, ara okyeame ni ẹ̀bi máa ń kọ́kọ́ bà, kì í ṣe ara ọba.

Ẹ wo inú ilé wa. Bí ọkọ tí inú ń bí bá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé kó bá òun sọ fún ìyàwó òun pé báyìí-báyìí, ẹ̀gbọ́n tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ gẹ́lẹ́ ti da epo síná nìyẹn. Èyí tó gbọ́n yóò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, yóò ní, "Ìyàwó wa, ọkọ yín ní inú òun ò dùn sí ọ̀rọ̀ àná o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀." Kò purọ́. Inú ọkọ kò dùn lóòótọ́. Ohun tí ọkọ fẹ́ kí ìyàwó mọ̀ ló mọ̀ yẹn, ohun tí ìbínú rẹ̀ fẹ́ nìkan ni kò dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú ní àkókò tiwa yìí ni pé WhatsApp ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ okyeame. Ẹnì kan fi ìbínú sọ̀rọ̀ sínú fóònù ní agogo mọ́kànlá alẹ́, kó tó di àárọ̀, wọ́n ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà níbẹ̀. Ìmí ẹ̀dùn inú rẹ̀ pé, òṣé inú rẹ̀ pé. Ẹni tó sọ ọ́ ti lè tún èrò rẹ̀ pa kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn rẹ̀ kò lè tún èrò pa. Ọ̀pọ̀ ìjà ìdílé tí àwọn àgbà ìbá ti parí láàárín wákàtí kan ló ti di ọlọ́dún gbọọrọ nípa báyìí.

Ohun tí gómìnà béèrè ní 1900

Kumasi tún ní ìtàn kan tó fi hàn pé ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ kò ṣeé fi tọmọ jẹ́. Ní ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene Prempeh Kìíní ní ìlú náà. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí Elmina, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1900, Frederick Hodgson, gómìnà Gold Coast, pe àwọn ọba àti ìjòyè Asante jọ sí Kumasi. Gẹ̀ẹ́sì ni gómìnà ń sọ, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ ní Twi.

Ó sọ fún wọn pé Prempeh kò ní padà wá mọ́. Ó sọ nípa owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bù lé wọn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè Àga Wúrà. Ó fẹ́ mọ ibi tó wà, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi gbé e wá kí òun jókòó lé e, nígbà tó jẹ́ pé òun ni aṣojú ọbabìnrin tó ní agbára lórí gbogbo wọn. Àga lásán ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún òun, ó ní èyí kò yẹ òun.

Asantehene fúnra rẹ̀ kì í jókòó lé Àga Wúrà. Ìtàn wọn sọ pé Okomfo Anokye ló mú un sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run fún Osei Tutu Kìíní, wọ́n sì gbà pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo ìran Asante wà. Àga náà ní àga tirẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lé. Ní ọjọ́ tí ọba tuntun bá ń gorí oyè, ńṣe ni wọ́n máa ń rọ̀ ọ́ sókè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìjẹ́ kí ara rẹ̀ kàn án. Ohun tí gómìnà ń béèrè ni pé kí òun fi ìdí lé orí ẹ̀mí wọn.

Ǹjẹ́ ògbufọ̀ tó gbọ́n ìbá lè tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe? N kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí òwe tí okyeame kankan lè fi bo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sí nínú ọ̀nà tó gbà sọ ọ́, inú ohun tó fẹ́ gan-an ló wà. Àwọn ìjòyè náà dìde lọ sílé, kò sì pẹ́ tí ogun fi bẹ̀rẹ̀, Yaa Asantewaa, ìyá ọba ní Ejisu lẹ́bàá Kumasi, ló ṣáájú wọn. Wọ́n sé gómìnà àti ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú odi tó wà láàárín ìlú. Wọ́n kó ọmọ ogun láti Èkó pàápàá lọ gbà wọ́n. Nǹkan bí 250 àwọn ọmọ ogun Èkó ló dé Kumasi ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, wọ́n sì há síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ni gómìnà rí ọ̀nà sá jáde. Odi náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun. Gẹ̀ẹ́sì ló borí nígbẹ̀yìn, wọ́n kó Yaa Asantewaa lọ sí erékùṣù Seychelles, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1921. Àga Wúrà kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ọ̀rọ̀ gómìnà wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á lónìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Yaa Asantewaa fi ta àwọn ọkùnrin jí sí ogun náà lókìkí ju ti gómìnà lọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà á sókè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìwé mẹ́ta, ẹ lè rí i lọ́nà mẹ́ta. Ìyẹn kò ní kó má ṣe òtítọ́ pé ó sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú wọn lọ́kàn. Akọ̀wé ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó jọ pé Prempeh mọ èyí. Seychelles ni wọ́n gbé òun náà lọ ní 1900, ó sì wà níbẹ̀ di 1924. Ní ọdún 1907, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àwọn ọba Asante sílẹ̀. Yaa Akyaa, ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ wà nígbèkùn, ló sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti inú ohun tó mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe gbólóhùn ẹnu ìyá àgbà náà gan-an là ń kà. Síbẹ̀, ìwé náà wà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2003, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí obìnrin náà jókòó sọ ọ́ ní erékùṣù tó jìnnà réré sí Kumasi.

"Ohun tó o sọ gan-an nìyí"

Nínú ilé, kò sí akọ̀wé tó ń kọ ìjà ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan yóò máa búra pé, "Ohun tó o sọ lọ́dún 2015 gan-an nìyí, mo rántí ẹ̀ bí ẹni pé àná ni."

Ìtàn kan láti Amẹ́ríkà lè ràn wá lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1973, John Dean, tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò fún Ààrẹ Nixon, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, ó sì sọ ohun tí òun àti Ààrẹ bá ara wọn sọ lórí ẹjọ́ Watergate. Ó rántí nǹkan débi pé àwọn oníròyìn ń fi í wé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àṣírí tú pé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gan-an wà ní ọ́fíìsì Ààrẹ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ulric Neisser, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú, wá fi ohun tí Dean sọ wé ohun tó wà nínú téèpù, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1981. Gbólóhùn tí Dean fi sẹ́nu Ààrẹ nínú ìpàdé kan ní oṣù Kẹsàn-án 1972, Ààrẹ kò sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kókó ohun tó ń wí, pé Ààrẹ mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, òtítọ́ ni.

Nítorí náà, bí ìyàwó bá ní "o sọ báyìí" tí ọkọ sì ní "n kò sọ bẹ́ẹ̀", ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má máa purọ́. Ìyàwó rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn ún sí. Ọkọ rántí ohun tó ní lọ́kàn. Gbólóhùn gan-an ti fò lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà tó ń parí ìjà, ẹ má fi wákàtí méjì ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ tó jáde gan-an. Ẹ béèrè ohun tó dun oníkálukú.

Ọmọ ilé-ìwé: onílù ni àbí okyeame?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Gánà ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe ìwé tí wọ́n há sórí nítorí ìdánwò: chew and pour, pass and forget. Jẹ ẹ́ lẹ́nu, dà á sílẹ̀, yege, gbàgbé. Ẹni tó bá kàwé ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Olùkọ́ kọ àlàyé sí pátákó, ọmọ há a, ó sì kọ ọ́ padà gẹ́lẹ́, olùkọ́ fún un ní máàkì. Bí ẹ bá bi ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Lára ohun tí Gánà ń wá àtúnṣe sí nìyí nígbà tí wọ́n gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2019.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àkọ́sórí ò dára rárá. Èmi ò sí lára wọn. Ọmọ tí kò bá há a sórí pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 56 yóò jìyà nínú gbogbo ìṣirò tó kù. Nọ́ńbà fóònù ìyá àti bàbá, àdírẹ́sì ilé, ẹsẹ Bíbélì tàbí súrà tí ìdílé fi ń gbàdúrà, oríkì: ìwọ̀nyí ò fẹ́ àlàyé kó tó ṣiṣẹ́. Ọmọ tó sọnù lọ́jà Kejetia ní Kumasi, ọjà tó tóbi débi pé àgbàlagbà gan-an lè ṣìnà nínú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù gẹ́lẹ́ ni yóò gbà á là. Èyí tó bá jọ nọ́ńbà náà kò wúlò.

Ibi tí a ti ń ṣì í ni pé a ń fi ìwọ̀n onílù wọn ohun tó jẹ́ ti okyeame. Ìdí tí ewé fi ń rí oúnjẹ láti inú oòrùn, ìdí tí èlé orí owó fi ń gun orí ara rẹ̀, ìdí tí ogun kan fi ṣẹlẹ̀: ọmọ tó mọ ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ lè sọ wọ́n ní ẹnu tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé e, ẹ má ní kó kà á fún yín. Ẹ pe àbúrò rẹ̀, kí ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní Yorùbá. Bó bá ti ń fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ó ti yé e. Bó bá ń wá gbólóhùn inú ìwé kiri, ẹ jẹ́ kó padà lọ kà á.

Téèpù fún màmá àgbà

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ní ẹni tó gbé Kumasi rí. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé ìlú náà ní 1903 ni àwọn oníṣòwò wa ti ń pọ̀ níbẹ̀, títí di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi Gánà sílẹ̀. Àwọn tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn nígbà náà, ẹni tó kéré jù nínú wọn tó lè rántí ọjọ́ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Àwọn tó dúró tàbí tó padà lọ ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń sọ Twi ju Yorùbá lọ. Oríkì orílẹ̀ ìdílé sì wà lórí ahọ́n ìyá kan tàbí méjì.

Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ìparí ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ tan fóònù kalẹ̀ níwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i, kódà bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ pé wọ́n ṣì í pè. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ̀yin ni kò yé. Ẹ tún gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹ fi méjèèjì wéra: ibi tí kò bá yí padà lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gbà lẹ́nu ìyá tiwọn, ibi tó bá yí padà ni kí ẹ bi wọ́n léèrè. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sí ojú ewé kan, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ tí ẹ rò pé ó ní sí ojú ewé kejì, kí ọmọ tí yóò kà á lọ́jọ́ iwájú lè mọ èyí tó jẹ́ ti màmá àgbà àti èyí tó jẹ́ tiyín. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.